Bí Gíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bá Ń Ké

Ẹni tó bá ti dúró rí ní gáréèjì Ọbáléńdé, tí dánfó kan ń fi ẹ̀yìn rìn jáde láàárín èrò, yóò ti gbọ́ igbe kan tó máa ń ti abẹ́ ọkọ̀ náà wá: fíìììn, tó ń ga sí i bí dírẹ́bà ṣe ń tẹ iná. Bí ọkọ̀ náà bá ti wọ gíà kìn-ín-ní tó kọjú sọ́nà, igbe náà á dákẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀, eyín gíà rìfáàsì gún gbọọrọ, eyín àwọn tó kù sì dagun. Eyín tó gún máa ń bá èkejì rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà jákèjádò fífẹ̀ rẹ̀, ìpàdé yẹn la sì ń gbọ́. Eyín tó dagun kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìkángun rẹ̀ kan ló ń kọ́kọ́ fara kan èkejì, ìyókù á wá máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí eyín kan tó kúrò, òmíràn ti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín gígún rọrùn láti gé, kò sì sí ẹni tó ń fi rìfáàsì rin ìrìn àjò, ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ariwo tó yẹ kó ká wa lára ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan lára gíà tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ máa ń sọ pé gíà kan ti kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ó lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n eyín gíà mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni iye owó tí àwọn onímọ́tò wa ń ná sórí ariwo yìí láìfọwọ́ kan ìjókòó rárá. Wọ́n á da ọ́ìlì tó ki sí i, wọ́n á ra gíà tòkúnbọ̀, wọ́n á pààrọ̀ bẹ́árìn kan kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, ọkọ̀ á sì tún padà sí ìsọ̀ mẹkáníìkì kí oṣù tó parí.

Kí ló tilẹ̀ dé tí gíà fi ń dún? Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó ti èkíní bá ń gòkè, ti èkejì á máa sọ̀kalẹ̀, bí ọwọ́ wọn bá sì bára mu, ohun tí a ń gbọ́ kò ju gbì, gbì tó ń lọ déédéé. Bí ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú akàn pẹ́, ọmọ odó á kọ lu ọmọ odó. Eyín gíà náà gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn lásìkò gan-an. Bí ọ̀kan bá yára dé tàbí tó pẹ́ dé, ì báà ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, gíà tí wọ́n ń yí á sáré díẹ̀, á tún fà sẹ́yìn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe fún eyín kọ̀ọ̀kan. Ìmì yìí ń gba ara ṣáàfù lọ sí bẹ́árìn, ó ń ti bẹ́árìn lọ sí àpótí irin tó yí wọn ká, àpótí náà á sì máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń dé etí wa.

Ọgbọ́n tí ayé ń lò títí dòní láti fi dín ìmì náà kù, ọwọ́ Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ti wá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó ní kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ eyín gíà kó rí bí ìlà tí ẹnu okùn ń fà bí a bá ń tú okùn tó nà tantan kúrò lára agolo. Eyín tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá rí báyìí á máa ti èkejì rẹ̀ ní ìwọ̀n eré kan náà láti ìgbà tí wọ́n fara kanra títí tí wọ́n á fi fi ara wọn sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kejì ló wú mi lórí jù: bí gíà méjèèjì bá jìnnà síra díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, eré tí ọ̀kan ń fún èkejì kò ní yí padà. Ohun tí kò gbà ni kí ṣáàfù dagun. Bí ṣáàfù bá ti dagun, ẹrù tó yẹ kó tàn ká gbogbo ojú eyín á kó jọ sí etí rẹ̀ kan, etí yẹn á gbóná, á họ, á sì ya. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe gíà fi máa ń jẹ́ kí àárín ojú eyín yọ díẹ̀ ju etí rẹ̀ méjèèjì lọ, kí ìdagun kékeré má baà gbé ẹrù lọ sí etí. Eyín tó dagun náà ní ìyọnu tirẹ̀, nítorí ó máa ń ti ṣáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́. André Citroën, tí orúkọ rẹ̀ wà lára mọ́tò àwọn Faransé, kó tó ṣe mọ́tò rárá ló ti ń ṣe gíà tí eyín rẹ̀ dagun sọ́tùn-ún àti sósì pọ̀, kí ìtì méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Àwòrán eyín gíà yẹn ni àmì tó wà níwájú ọkọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Gíà ẹ̀yìn ọkọ̀ kò rí àforíjì tí Euler ṣe fún àwọn yòókù gbà. Dífù ni mò ń wí, àpótí irin tó wú láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì lára Hiace, lára ọkọ̀ akẹ́rù, àti lára mólúè ayé àná. Inú rẹ̀ ni píníọ̀n wà, gíà kékeré tó ń gba agbára lọ́wọ́ ṣáàfù gígùn tó ti iwájú wá. Òun ló ń yí kíráùn, gíà ńlá tó ń yí táyà. Agbára tó ń bọ̀ gbọọrọ ní láti yà sọ́tùn-ún àti sósì níbẹ̀, nítorí náà bí píníọ̀n bá wọlé jù tàbí tó jáde jù, bí kíráùn bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ìfarakànra eyín á bàjẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1926, tí ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú gíà tí ilé iṣẹ́ Gleason gbé jáde, ni wọ́n ti ń gbé píníọ̀n sí ìsàlẹ̀ àárín kíráùn dípò kó dojú kọ àárín gan-an. Ìyẹn jẹ́ kí ilẹ̀ ọkọ̀ lè relẹ̀, ó sì jẹ́ kí gíà náà dákẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n eyín kì í kàn yí lórí eyín mọ́, ó tún ń yọ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá, ọ́ìlì lásán kò sì lè dáàbò bò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ariwo dífù ti ń wá, Erékùṣù Èkó fún un ní ibi ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè ti Ìdó tàbí Ìjọ́rà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò ní gun afárá. Afárá Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 1901, ń sọ wá sí Ìdúmọ̀tà. Afárá Èkó ń sọ wá sí Àpọ́ńgbọ́n. Third Mainland Bridge, tí wọ́n ṣí ní 1990, ń sọ wá sí Adéníji Adélé àti Ọbáléńdé. Bí ọkọ̀ bá ń gun afárá, ẹ́ńjìnì ló ń ti píníọ̀n, tí píníọ̀n sì ń ti kíráùn, ojú kan lára eyín ló sì ń ru gbogbo ẹrù. Bí ó bá dé òkè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, tí dírẹ́bà ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ṣùgbọ́n tí kò gbé gíà sí fíríì, táyà ló wá ń ti kíráùn, tí kíráùn sì ń ti píníọ̀n. Ẹrù ti bọ́ sí ojú kejì eyín nìyẹn.

Dírẹ́bà tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa lè ti ibẹ̀ gbé ìdajì iṣẹ́ fún mẹkáníìkì. Bí ọkọ̀ bá ń ké nígbà tó ń gòkè, tó sì dákẹ́ nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí píníọ̀n ṣe wọlé tó. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ sí Àpọ́ńgbọ́n nìkan ló ń ké, kí wọ́n kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì píníọ̀n àti bẹ́árìn rẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni píníọ̀n tó ti dẹ̀ máa ń ráyè rìn lọ rìn bọ̀. Bí ó bá ń kùn rọ̀rọ̀rọ̀ lọ́nà méjèèjì, tí kò bìkítà bóyá ẹsẹ̀ wà lórí iná tàbí kò sí, bẹ́árìn ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń yà kọ́nà nìkan, gíà kéékèèké inú dífù tàbí bẹ́árìn táyà ni. Èyí tó ń dún kàù lẹ́ẹ̀kan bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, àlàfo tó ti pọ̀ jù láàárín eyín ni, tàbí kí oríkèé ṣáàfù gígùn ti jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohùn afárá pe ohùn gíà o. Àwọn oríkèé irin tó so afárá pọ̀ máa ń dún gbà-gbà lábẹ́ táyà. Oríkèé wọ̀nyẹn ni ìjọba torí rẹ̀ dí apá kan Third Mainland Bridge láti oṣù Keje ọdún 2020 di oṣù Kejì ọdún 2021, kí wọ́n lè tún wọn ṣe. Ohùn tó bá yí padà nígbà tí ọ̀dà ojú ọ̀nà yí padà, ti táyà ni. Ohùn gíà kò mọ ọ̀dà.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ sípánà. Ká ní kíráùn ní eyín 41, píníọ̀n ní 9, táyà sì ń rin mítà 2 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, mítà 1,000 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, táyà á sì yí ní ìgbà 500. Ẹ fi 41 lọ́nà 500, ẹ pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 60: eyín á pàdé eyín ní nǹkan bí ìgbà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣáàfù gígùn á yí ní nǹkan bí ìgbà 38, táyà á yí ní ìgbà 8 ó lé díẹ̀. Fóònù tí à ń gbé kiri ní ètò tó lè fi hàn bí ohùn kan ṣe ga tó. Bí igbe náà bá wà ní 340, kíráùn àti píníọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá wà ní 38, ṣáàfù gígùn ni kí wọ́n tú. Èyí tó bá wà ní 8 kì í tilẹ̀ ṣe igbe mọ́, gbígbọ̀n ni, ara táyà tàbí ìlù bíréékì ló ti wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá fi ṣe èyí lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọjọ́ méjì tí wọ́n ì bá fi tú ohun tí kò bàjẹ́.

Kí ló ń gbé gíà kúrò ní ìjókòó? Ẹrù àpọ̀jù wà níbẹ̀, kòtò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Erékùṣù Èkó, omi ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Dífù tó ti sáré wá láti Òṣòdì ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ti fẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá wọ àgbàrá ní Adéníji Adélé lásìkò òjò, irin náà á tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ihò ìmí tó wà lórí dífù tàbí láti ẹ̀gbẹ́ ọ́ìlì síìlì tó ti gbó. Ọkọ̀ á máa lọ, kò sí ohun tí dírẹ́bà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ́ìlì á ti di funfun ràkọ̀ràkọ̀, ìpẹtà á ti mú ojú bẹ́árìn, bẹ́árìn á máa jẹ, píníọ̀n á sì máa sún díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí igbe bá bẹ̀rẹ̀, òjò ti dá tipẹ́, kò sì sí ẹni tó máa rántí àgbàrá. Bí ọkọ̀ bá ti wọ omi tó dé ìdajì táyà, kí wọ́n ṣí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì dífù wò ní ọjọ́ kejì.

Ohun kejì, àwa fúnra wa là ń fi ọwọ́ ara wa fà á. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti máa ń lọ kíráùn àti píníọ̀n pọ̀ títí ojú wọn yóò fi mọ ara wọn, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì máa ń kọ sí ara méjèèjì. Ẹni tó bá ra kíráùn lára ọkọ̀ kan tó fi í sí orí píníọ̀n ọkọ̀ mìíràn, bó ti wù kí wọ́n mọ́ tó, ó ti ra ariwo. Iye 41 àti 9 yẹn tún ní àṣírí: kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn 1 tó lè pín méjèèjì, nítorí náà eyín píníọ̀n kọ̀ọ̀kan ni yóò bá gbogbo eyín kíráùn pàdé. Ìyẹn ń jẹ́ kí jíjẹ wọn bára dọ́gba. Bí eyín píníọ̀n kan bá wá kán létí, yóò fi ọgbẹ́ náà kan gbogbo kíráùn.

Bí a bá ti mọ̀ pé ìjókòó ló bàjẹ́, iṣẹ́ tó kù fẹ́ sùúrù ju agbára lọ. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á ti fi ojú pọ́ńṣì sàmì sí ìdérí bẹ́árìn ọ̀tún àti tòsì kó tó tú wọn, nítorí wọn kò gbọdọ̀ pààrọ̀ àyè. Bẹ́árìn tuntun ni yóò fi sí i, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀yìn bẹ́árìn píníọ̀n ni wáṣà pẹlẹbẹ kan máa ń wà, kíki rẹ̀ ló sì ń sọ bí píníọ̀n ṣe máa wọlé tó. Láàárín bẹ́árìn méjèèjì tó gbé píníọ̀n ró, páìpù kúkúrú kan wà tí wọ́n ṣe kó lè fún pọ̀ bí nọ́ọ̀tì bá ṣe ń le sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa dè é, kí wọ́n sì máa wọn ìfà rẹ̀. Ìsọ̀ tí kò ní sípánà oníwọ̀n kékeré lè wé okùn mọ́ ìdí píníọ̀n, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n ìfàkọ́ tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò fà á. Bí ibi tí okùn wé mọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí àárín, tí ìwé ọkọ̀ sì béèrè 1.5 newton-mítà, òṣùwọ̀n náà á fi nǹkan bíi kílò 3 hàn nígbà tí píníọ̀n ń yí lọ. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, kí wọ́n má ṣe tú nọ́ọ̀tì sẹ́yìn kí wọ́n sọ pé ó ti tó. Páìpù tó ti fún pọ̀ kì í nà padà. Tuntun ni kí wọ́n rà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, owó páìpù kékeré yẹn sì wà lára ohun tí oníbàárà kì í fẹ́ san.

Lẹ́yìn náà ni àlàfo eyín. Wọ́n á gbé dáyà géèjì, òṣùwọ̀n tó ní ojú àti ọwọ́ bíi ti aago, ti eyín kíráùn, wọ́n á di píníọ̀n mú gírígírí, wọ́n á sì mi kíráùn lọ mì ín bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, 0.13 sí 0.18 mìlímítà ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹn kíki ìwé fọ́tókọ́pì kan ó lé díẹ̀. Ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí ká kíráùn ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí ó bá yàtọ̀ púpọ̀, kíráùn ń jó lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èérún irin kan ṣoṣo ló há sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sún kíráùn, bí wọ́n ṣe dẹ nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan tó ni kí wọ́n fi kún èkejì, kí bẹ́árìn má baà dẹ̀.

Apá tó kù ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ọ̀gá á bu ọ̀dà pupa rúsúrúsú tàbí funfun díẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú eyín kíráùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tọwọ́ ọ̀tún tọwọ́ òsì. Ọmọ iṣẹ́ á fi igi tẹ kíráùn kó lè wúwo díẹ̀, ọ̀gá á yí píníọ̀n lọ, á yí i padà. Ibi tí eyín ti fara kanra, ọ̀dà á ti kúrò níbẹ̀, irin á sì máa dán láàárín ọ̀dà. “Níbo lo ti rí i?” “Òkè ni, Ọ̀gá, ó súnmọ́ ṣónṣó eyín.” A jẹ́ pé píníọ̀n jáde jù, wáṣà tó ki ju èyí lọ ni kí wọ́n fi sí i. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ní ìdí eyín, píníọ̀n ti wọlé jù, wáṣà tó fẹ́lẹ́ ni. Bí ó bá lọ sí ìkángun inú, kíráùn ti súnmọ́ píníọ̀n jù. Bí ó bá lọ sí ìkángun ìta, ó jìnnà jù. Àárín gbùngbùn ni wọ́n ń wá, láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, láàárín inú àti ìta, lójú eyín méjèèjì. Wọ́n lè tú píníọ̀n kí wọ́n sì tún un dè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun tò dífù tán láìkun ọ̀dà kankan, àbá ló dá.

Ọ́ìlì ló kàn, mo sì fi í sẹ́yìn nítorí ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni dífù ń fẹ́, nítorí ó ní èròjà súfọ̀ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó máa ń bo ojú irin nígbà tí eyín bá ń yọ̀ lórí eyín. Èròjà yìí kan náà lè jẹ idẹ, nítorí náà kí wọ́n má ṣe dà á sínú gíà iwájú tí dírẹ́bà ń fi ọwọ́ yí, tó ní òrùka idẹ nínú, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á láàyè. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù nílẹ̀ òkèèrè ti da ìyẹ̀fun igi pákó sínú dífù rí kí igbe lè dákẹ́ títí oníbàárà á fi sanwó. Gírísì tí àwọn kan ń pò mọ́ ọ́ìlì níbí, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Igbe á rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé bẹ́árìn píníọ̀n, bẹ́árìn yẹn gan-an tí jíjẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Òfin ìjókòó yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé gogoro Marina àti Broad Street. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbéniròkè àtijọ́ ń lo ọ̀pá irin tí eyín rẹ̀ lọ́ yí i ká, tó ń yí kẹ̀kẹ́ gíà onídẹ, lókè pátápátá nínú ilé ẹ̀rọ. Bí ẹsẹ̀ mọ́tò kan kò bá fìdí múlẹ̀ lórí irin tó gbé e, dídè tí wọ́n bá de bóòtù rẹ̀ á tẹ mọ́tò náà, ṣáàfù mọ́tò àti ti gíà kò sì ní dọ́gba mọ́. Àwọn èrò inú rẹ̀ á kàn mọ̀ pé ó ń gbọ̀n, pé ó ń ta kìjí bó bá fẹ́ dúró. Lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Ní Òpópónà Kakawa, níbi tí Daily Times wà kó tó kó lọ sí Agídíngbì ní Ìkẹjà, kò sí atẹ̀wé tí kò ní mọ ìlà ṣíṣú àti ìlà mímọ́ tó máa ń hàn lójú àwòrán bí gíà sílíńdà bá ti jẹ. Kí wọ́n fi rúlà wọn àlàfo ìlà náà: bí ó bá bá àlàfo eyín gíà mu, ẹjọ́ ti dá.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kíráùn àti píníọ̀n tuntun sí kò yẹ kó kó èrò lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n wà á jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá, kí wọ́n má sì fi ẹrù wúwo tàbí eré àsápajúdé dán an wò fún kìlómítà 800 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù. Nọ́ọ̀tì tó dí ìdí dífù sábà máa ń ní mágínẹ́ẹ̀tì létí. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá jẹ́ lúbúlúbú dúdú tó ń parẹ́ láàárín ìka méjì, eyín ń mọ ara wọn lára ni, kí wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i kí ọkọ̀ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ èérún irin tó ń gún ìka, kí wọ́n tún un tú, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà.